Ìbọn Òkè Ilẹ̀kùn

Ìbọn bàbá ńlá mi ṣì wà lókè ilẹ̀kùn
ní Ògìdì, ní ìdí àpáta táwọn èèyàn wa sá gùn nígbà ogun.
Àgbá rẹ̀ ti dípẹtà. Ikán ti jẹ ìdí rẹ̀ dé ìdajì.
Kò lè yìn mọ́.
Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbójúgbóyà láti sọ ọ́ kalẹ̀.

Ìbítóyè fi àwòrán ránṣẹ́ láti Tẹ́sáásì:
Méjàbí ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
dúró nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí ìbọn tò sí lára ògiri
bí iṣu ṣe ń tò lára igi abà.
"Bùọ̀dá, bí ẹni ń ra búrẹ́dì ni wọ́n ń rà á níbí.
Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní ìtàn.
Kí ló dé tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ tó báyìí?"

Mo di fóònù mú títí iná rẹ̀ fi kú.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn,
mo mọ ọdún tí ogun kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀,
n kò bi ara mi rí pé ta ló ta ìbọn.

Ọ̀ṣàgbèmí ra tiwa nígbà tí ẹlẹ́ṣin Núpé
ń ya wọ ìlú wa lẹ́ẹ̀rùn,
tí wọ́n ń kó ọmọ lóko bí ẹni ń já ewé gbúre.
Ẹ̀rù ló rà á. Owó kàn tẹ̀ lé e ni.

Lọ́hùn-ún náà, ẹ̀rù ló kọ́kọ́ dé ọjà.
Àgbẹ̀ kọ́ ahéré sórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀,
ó gbé ìbọn kọ́ òkè ilẹ̀kùn
torí onílẹ̀ ṣì wà nínú igbó, onílẹ̀ kò gbàgbé.
Ó bẹ̀rù ọba òkè omi tó ń rán ṣọ́jà wá nítorí owó orí.
Ó bẹ̀rù ẹni tó ń bá a ká òwú jù:
lóru wọ́n á gẹṣin, wọ́n á gbé ìbọn,
wọ́n á máa wá ẹni dúdú tó ń rìn láìní ìwé lọ́wọ́.
Wọ́n wá kọ ọ́ sínú òfin, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ àwọn.
Ilẹ̀ di tiwọn. Ọba di orí owó àtijọ́.
Ẹ̀rù nìkan ni kò relé.
Àwọn tó ń rọ ìbọn kò sì lè torí àlàáfíà pa ẹwìrì wọn tì,
wọ́n ní kí bàbá rà á fọ́mọ lọ́dún Kérésì.

Ìbítóyè, ibi tó le nìyí:
ọkọ̀ tó gbé ìbọn wá sí etíkun wa kò padà lófìfo.
Èèyàn ni wọ́n fi dí àyè tí ìbọn fi sílẹ̀.

Mo ní owó ló tẹ̀ lé e. Irọ́ ni.
Ẹrú kan ni Ọ̀ṣàgbèmí fi san án.
Bàbá mi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀.
Mo béèrè orúkọ ẹrú náà.
Ó kọjú sí ògiri.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n gbé èèyàn mẹ́ta lójú ọ̀nà Kábbà.
Àwọn ọmọdékùnrin tó ń ṣọ́ ìlú kan ilẹ̀kùn mi:
"Bàbá tíṣà, ẹ jẹ́ ká gbé ìbọn yẹn lọ bá alágbẹ̀dẹ."
Mo ní ó ti kú.

Mo fèsì fún Ìbítóyè:
"Okun o. Ọmọ náà ti ga."

Nígbà tó dòru, mo gun àga.
Mo fi epo pa àgbá náà, díẹ̀díẹ̀,
títí ọwọ́ mi fi pọ́n.